Oṣù Mẹ́jọ Nínú Ọkọ̀ Ìgbafẹ́ Ojú Òkun: Àyẹ̀wò Iṣẹ́ Olùtọ́jú Yàrá

Nígbà tí mo sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ ní èbúté Port Everglades ní Fort Lauderdale, ní ìpínlẹ̀ Florida, lẹ́yìn oṣù mẹ́jọ tí mo fi ṣe olùtọ́jú yàrá àwọn èrò, iye dọ́là tí mo kó bọ̀ ni gbogbo ará ilé kọ́kọ́ fẹ́ mọ̀. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tí mo dé sílé rẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù nìkan ló wo ojú mi, tó sì bi mí pé, "Ṣé wọ́n ń jẹ́ kí o sùn níbẹ̀ ṣá?" Ìbéèrè rẹ̀ ni mo fi ṣe òṣùwọ̀n àyẹ̀wò yìí. Ilé, oúnjẹ, ìtọ́jú ara àti owó tí ọkọ̀ ìgbafẹ́ ń fún òṣìṣẹ́ rẹ̀, oorun ni òṣìṣẹ́ fi ń ra gbogbo wọn. Ẹni tó bá fẹ́ mọ̀ bóyá iṣẹ́ náà yẹ òun, kó ṣírò oorun tí yóò fi sílẹ̀ àti ohun tí yóò gbà dípò rẹ̀.

N kò ní dárúkọ ilé iṣẹ́ tí mo bá ṣiṣẹ́, nítorí pé àwọn kan nínú ohun tí mo fẹ́ sọ kì í ṣe ìyìn. Ó tó kí ẹ mọ̀ pé ọkọ̀ ńlá ni, tó ń kó èrò tó lé ní ẹgbẹ̀rún mẹ́ta, tí àwa òṣìṣẹ́ inú rẹ̀ sì lé ní ẹgbẹ̀rún kan. Ọjọ́ Àìkú ló máa ń gbéra ní Fort Lauderdale lọ sí àwọn erékùṣù Caribbean, tí yóò sì padà lọ́jọ́ Àìkú tó tẹ̀ lé e. "Nassau" ni wọ́n kọ sí ìdí ọkọ̀ náà, torí pé orílẹ̀-èdè Bahamas ni wọ́n ti forúkọ rẹ̀ sílẹ̀, àsíá ibẹ̀ ló sì ń ta, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Amẹ́ríkà ni ọ́fíìsì àwọn tó ni ín wà, tí ará Amẹ́ríkà sì pọ̀ jù nínú èrò rẹ̀. Ọ̀rọ̀ àsíá yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré. Òfin ilẹ̀ tí ọkọ̀ ń ta àsíá rẹ̀ ló ń darí wákàtí iṣẹ́ inú rẹ̀, òfin Amẹ́ríkà lórí owó iṣẹ́ tó kéré jù kò sì dé ọ̀dọ̀ wa níbẹ̀, kódà nígbà tí a bá so ọkọ̀ mọ́ èbúté Florida. Ohun tó so àwọn àsíá náà pọ̀ ni àdéhùn àgbáyé lórí iṣẹ́ ojú omi tí ILO, àjọ àgbáyé tó ń rí sí ọ̀rọ̀ iṣẹ́, ṣe ní Geneva ní oṣù kejì ọdún 2006, tí àwọn atukọ̀ (ìyẹn gbogbo òṣìṣẹ́ inú ọkọ̀ ojú omi, títí kan àwa olùtọ́jú yàrá) ń pè ní MLC, tó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ 20 oṣù kẹjọ ọdún 2013. Nàìjíríà, Benin àti Togo wà lára àwọn orílẹ̀-èdè tó ti fọwọ́ sí i. Mo ní ẹ̀dà rẹ̀ lórí fóònù mi ní gbogbo àkókò tí mo fi wà lójú omi, ó sì wúlò fún mi ju bí mo ṣe rò lọ.

Ìgbanisíṣẹ́ ni mo fẹ́ kọ́kọ́ yẹ̀ wò, torí pé kí ọ̀pọ̀ ọmọ wa tó rí ọkọ̀ rárá ni wọ́n ti ń kó sí wàhálà. Mọ̀lẹ́bí mi kan ní Èkó san owó gọbọi fún éjẹ́ńtì kan tó ní òun yóò bá a wá iṣẹ́ ọkọ̀ ìgbafẹ́ ní Miami. Ó gba lẹ́tà tó ní òǹtẹ̀, ó ra àpótí, ó dágbére fún ọ̀rẹ́, kó tó di pé ilé iṣẹ́ tí orúkọ rẹ̀ wà lórí lẹ́tà náà sọ pé àwọn kò gbọ́ orúkọ rẹ̀ rí. Àdéhùn MLC sọ ọ́ kedere pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ gba owó ìgbanisíṣẹ́ lọ́wọ́ atukọ̀. Owó ìwé ẹ̀rí ìlera tí òfin ilẹ̀ rẹ̀ bèèrè, owó ìwé atukọ̀ àti owó páásípọ́ọ̀tù ni ó lè já lé òṣìṣẹ́ léjìká. Owó físà pàápàá, ẹni tó ni ọkọ̀ ló yẹ kó san án. Nítorí náà, éjẹ́ńtì tó bá ní kí ẹ san kọ́bọ̀ kan fún "ètò ìgbanisíṣẹ́" ti fi ara rẹ̀ hàn. Èyí tí mo bá lọ ní Lọ́ńdọ̀nù kò gba nǹkan kan lọ́wọ́ mi. Wọ́n fọ̀rọ̀ wá mi lẹ́nu wò lórí fídíò, wọ́n rán mi lọ sọ́dọ̀ dókítà tó yẹ ara mi wò láti orí dé àtẹ́lẹsẹ̀, wọ́n fún mi ní lẹ́tà tí mo fi gba físà C1/D, èyí tó wà fún òṣìṣẹ́ ọkọ̀, ní ilé iṣẹ́ aṣojú Amẹ́ríkà, wọ́n sì ra tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ òfuurufú fún mi. Ẹ̀kọ́ ààbò tí òfin ojú omi bèèrè, bíi bí a ṣe ń paná, bí a ṣe ń wọ ẹ̀wù ìléfòó àti bí a ṣe ń darí èrò lọ sí ọkọ̀ ìgbàlà, inú ọkọ̀ ni mo ti gbà á ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́. Lórí apá yìí, n kò ní ẹjọ́ kankan láti rò.

Yàrá wa wà ní ìsàlẹ̀ ibi tí omi ń dé lára ọkọ̀. Mo ti rò tẹ́lẹ̀ pé ìwà ìkà ilé iṣẹ́ náà ni, ṣùgbọ́n àdéhùn MLC gbà á láyè nínú ọkọ̀ tó ń kó èrò, bí ìmọ́lẹ̀ àti afẹ́fẹ́ bá ti tó, tí yàrá náà kò sì sí lábẹ́ ọ̀nà tí àwọn òṣìṣẹ́ ń gbà ṣiṣẹ́ ní tààrà. Ó tún sọ pé yàrá ẹni méjì kò gbọdọ̀ kéré sí mítà méje ààbọ̀ níbùú lóròó, àti pé bẹ́ẹ̀dì kò gbọdọ̀ kúrú ju sẹ̀ǹtímítà 198 lọ, kó má sì tẹ́ẹ́rẹ́ ju 80 lọ. Mo fi okùn ìwọ̀n wọn tiwa ní ọjọ́ kejì. Ó pé, kò sì fi ohunkóhun lé e. Bẹ́ẹ̀dì méjì tí wọ́n to lé ara wọn ló wà níbẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú kọ́tìnì rẹ̀ àti iná kékeré ìkàwé, kọ́bọ́ọ̀dù tẹ́ẹ́rẹ́ méjì, fíríìjì kékeré kan, àti ilé ìwẹ̀ tí ènìyàn kò lè yí ara padà nínú rẹ̀ láì fi ìgbọ̀nwọ́ gbá ògiri. Fèrèsé kò sí. Òkùnkùn yàrá náà ṣe oore fún mi, torí pé oorun ọ̀sán àti ti òru kò yàtọ̀ síra níbẹ̀, ṣùgbọ́n ó gba ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí n tó yéé jí lójijì láì mọ̀ bóyá ilẹ̀ ti mọ́.

Ohun tí yàrá náà kò fún wa ni ìdákẹ́jẹ́. Bí ọkọ̀ bá ń wọ èbúté ní ìdájí, ẹ̀rọ tó ń ti imú ọkọ̀ sí ẹ̀gbẹ́ a máa lù gbàgàgbàgà lẹ́bàá orí wa, bẹ́ẹ̀dì a sì máa gbọ̀n. Ọmọbìnrin ará Peru tí a jọ wà ní yàrá ń ṣiṣẹ́ ní ilé ọtí àwọn èrò, aago méjì òru ló sì máa ń wọlé. Oṣù mẹ́jọ ni a fi gbé pọ̀, n kò rí i kó tan iná lé mi lórí rí. Inú òkùnkùn ló ti ń bọ́ṣọ, ó sì máa ń gbé bàtà rẹ̀ sọ́wọ́ láti ẹnu ọ̀nà. Èmi náà kì í fi aago ìtanijí sílẹ̀ kó dún. Abẹ́ ìrọ̀rí ni mo ń gbé fóònù sí, kó gbọ̀n fún èmi nìkan. Ẹni tí wọ́n bá fi ẹnì kejì burúkú sí yàrá rẹ̀, gbogbo ohun rere tí mo fẹ́ kọ nísàlẹ̀ yìí kò ní wúlò fún un. Ilé iṣẹ́ gbà kí ènìyàn bèèrè ìpààrọ̀ yàrá, ṣùgbọ́n ó máa ń pẹ́.

Aago mẹ́fà ààbọ̀ òwúrọ̀ ni mo ń tẹ káàdì mi mọ́ ẹ̀rọ tó ń kọ wákàtí iṣẹ́ sílẹ̀. Yàrá mọ́kàndínlógún ló wà lábẹ́ ìtọ́jú mi. Mo ń ṣe wọ́n tán ní nǹkan bí aago kan ààbọ̀ ọ̀sán, mo ń jẹun, mo ń sùn fún bíi wákàtí méjì, mo sì ń padà ní aago márùn-ún ààbọ̀ ìrọ̀lẹ́ láti tẹ́ bẹ́ẹ̀dì fún alẹ́, kí n gbé yìnyín àti aṣọ ìnura tuntun sílẹ̀, kí n sì fi aṣọ ìnura kan ṣe àwòrán ẹranko fún àwọn ọmọdé. Bí kò bá sí èrò tó pẹ́ lọ jẹun, aago mẹ́sàn-án ààbọ̀ ni mo ń parí. Kí n tó wẹ̀, kí n tó fọ yunifọ́ọ̀mù, kí n tó dá màmá mi lóhùn lórí WhatsApp (Èkó fi wákàtí márùn-ún síwájú Florida nígbà ẹ̀ẹ̀rùn tiwọn, nítorí náà òun ti jí kí èmi tó sùn), ó ti di ọ̀gànjọ́. Wákàtí márùn-ún sí márùn-ún ààbọ̀ ni oorun òru mi. Ọjọ́ Àìkú kò sí, ọjọ́ Sátidé kò sí, ọjọ́ ìbí mi kò sí: nínú oṣù mẹ́jọ, n kò ní ọjọ́ kan ṣoṣo tí n kò ṣiṣẹ́ rárá.

Òfin kò sì ka èyí sí àìdára. Ìsinmi tí MLC bèèrè ni wákàtí mẹ́wàá ó kéré tán nínú wákàtí 24, àti 77 nínú ọjọ́ méje. A lè pín ti ojoojúmọ́ sí ọ̀nà méjì, bí ọ̀kan nínú méjèèjì bá ti tó wákàtí mẹ́fà. Ọjọ́ méje jẹ́ wákàtí 168. Ẹni tó bá yọ 77 kúrò yóò rí i pé 91 ló kù tí wọ́n lè fi mú ènìyàn ṣiṣẹ́ láì rú òṣùwọ̀n ìsinmi yìí. Inú wákàtí ìsinmi kan náà ni a ti ń wẹ̀, tí a ń jẹun, tí a sì ń tò fún ẹ̀rọ ìfọṣọ. Lójú tèmi, ibi tí àdéhùn náà ti kù díẹ̀ káàtó jù lọ nìyí: ó ka ìsinmi, kò ka oorun.

Ọjọ́ Àìkú tí a ń pààrọ̀ èrò ló le jù. Àwọn tó ń lọ gbọ́dọ̀ ti jáde ní aago mẹ́wàá, àwọn tuntun sì ti ń wọlé kí aago méjìlá tó lù. Láàrin wákàtí mélòó kan yẹn ni mo ń bọ́ aṣọ bẹ́ẹ̀dì gbogbo yàrá mọ́kàndínlógún, tí mo ń fọ ilé ìwẹ̀ wọn láti òkè dé ilẹ̀, tí mo sì ń ti kẹ̀kẹ́ aṣọ ìdọ̀tí gba ojú ọ̀nà gbọ̀ọ̀rọ̀ tó la ìsàlẹ̀ ọkọ̀ já, èyí tí gbogbo wa ń pè ní I-95, orúkọ ọ̀nà márosẹ̀ Amẹ́ríkà. Lẹ́yìn náà ni ìdánrawò ààbò yóò tún dé. Bí àwọn olùyẹ̀wò ìmọ́tótó láti CDC, àjọ Amẹ́ríkà tó ń dènà àrùn, bá wá ní irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ láì sọ fún ẹnikẹ́ni, gẹ́gẹ́ bí ìṣe wọn, gbogbo ọkọ̀ ni yóò gbọ̀n, torí pé ọkọ̀ tó bá gba máàkì 85 tàbí tó kéré sí i nínú 100 ti fìdí rẹmi.

Níbí ni mo ti ní ẹ̀sùn gidi. Ní oṣù kejì mi, alábòójútó wa bẹ̀rẹ̀ sí í sọ fún wa pé kí a lọ tẹ káàdì pé a ti parí, kí a sì padà wá ṣe yàrá tó kù, kí àkọsílẹ̀ má bàa fi hàn pé a ti ju iye wákàtí lọ. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni mo fi ṣe é, torí pé gbogbo ènìyàn ló ń ṣe é. Nígbà tó yá, mo ra ìwé àjákọ kékeré, mo ń kọ wákàtí tí mo bẹ̀rẹ̀ àti èyí tí mo parí ní tòótọ́, mo sì bèèrè ẹ̀dà àkọsílẹ̀ ìsinmi mi, èyí tí òfin ní kí wọ́n fún òṣìṣẹ́ pẹ̀lú ìbuwọ́lù. Àwọn méjèèjì kò bára mu. Mo gbé wọn lọ sí ọ́fíìsì ètò òṣìṣẹ́ inú ọkọ̀ nípasẹ̀ ìlànà ẹ̀sùn tí MLC ní kí gbogbo ọkọ̀ ní. Mo gbọ́dọ̀ sọ òtítọ́: wọ́n tẹ́tí sí mi, wọ́n dá wákàtí tí wọ́n ti yọ padà sórí owó mi, àṣà náà sì dópin ní ìpele tiwa. Ṣùgbọ́n nínú ẹni mẹ́sàn-án tí ọ̀rọ̀ náà kàn, èmi nìkan ló fọwọ́ sí ìwé ẹ̀sùn. Àwọn yòókù ń bẹ̀rù pé wọn kò ní pè wọ́n padà fún àdéhùn tuntun, n kò sì dá wọn lẹ́bi, nítorí pé ìwé àdéhùn iṣẹ́ yìí máa ń parí lẹ́yìn oṣù díẹ̀, kò sì sí ẹni tó jẹ yín ní àlàyé bí wọn kò bá pè yín mọ́.

Nípa owó, owó oṣù tí wọ́n dá lé lórí kéré, tíìpù ló ń gbé e dúró. Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tó ń gbéra láti Amẹ́ríkà máa ń fi bíi dọ́là 16 sí 20 kún owó èrò kọ̀ọ̀kan lójúmọ́, wọ́n sì ń pín in fún àwọn tó ń ṣètọ́jú wọn. Ní tèmi, gbogbo rẹ̀ máa ń wà láàrin 1,500 sí 1,900 dọ́là lóṣù. Ẹni tó bá fẹ́ òṣùwọ̀n, owó tó kéré jù tí àjọ ILO là kalẹ̀ fún atukọ̀ tó mọṣẹ́ ní ọdún 2025 jẹ́ 673 dọ́là lóṣù. Bí mo bá pín tèmi sí wákàtí, kò tó dọ́là mẹ́fà fún wákàtí kan, nígbà tí owó iṣẹ́ tó kéré jù fún àgbàlagbà ní Britain jẹ́ £12.21 ní oṣù kẹrin ọdún 2025. Síbẹ̀, n kò san owó ilé, owó iná, owó bọ́ọ̀sì tàbí owó oúnjẹ fún oṣù mẹ́jọ. Mo ń fi 200 dọ́là ránṣẹ́ sí màmá mi lóṣooṣù, mo sì tún kó ohun tó lé ní 10,000 dọ́là bọ̀. Ní Lọ́ńdọ̀nù, ọdún mẹ́ta ni mo fi ṣiṣẹ́ ní ilé àwọn arúgbó, n kò sì rí ìdá mẹ́rin rẹ̀ tọ́jú. Àwa tó ń gbé ní Britain ní láti mọ̀ pẹ̀lú pé òfin owó orí wọn ní ìdẹ̀ra fún atukọ̀ tó pẹ́ tó lẹ́yìn odi, ṣùgbọ́n àkókò tí wọ́n ń kà kò gbọdọ̀ dín ní ọjọ́ 365, nítorí náà àdéhùn oṣù mẹ́jọ kan ṣoṣo kò tó. Ẹ tọ́jú gbogbo ìwé tíkẹ́ẹ̀tì àti ìwé ọjọ́ tí ẹ wọ ọkọ̀ àti èyí tí ẹ sọ̀ kalẹ̀.

Oúnjẹ yẹ fún ọ̀rọ̀ gígùn, torí pé òun ni ohun kejì lẹ́yìn oorun tó ń gbé òṣìṣẹ́ ró. Ipò mẹ́ta ni wọ́n pín wa sí, ọ́físà, stáàfù àti krúù, ipò kọ̀ọ̀kan ló sì ní ilé oúnjẹ tirẹ̀. Àwa olùtọ́jú yàrá jẹ́ krúù. Ìrẹsì wà ní òwúrọ̀, ní ọ̀sán àti ní alẹ́, ó sì máa ń jinná dáadáa, torí pé ará Philippines àti ará Indonesia ló pọ̀ jù nínú wa, wọn kì í sì gba ìrẹsì gbàgẹ̀rẹ̀. Adobo àwọn ará Philippines dára, pàápàá èyí tí wọ́n fi adìyẹ sè; ọbẹ̀ ẹ̀wà pípa àwọn ará India dára jù ú lọ, mo sì máa ń bù ú lẹ́ẹ̀mejì. Ohun tí n kò lè yìn ni ọbẹ̀ tí wọ́n ń sè fún gbogbo ènìyàn pọ̀, tí kò ní ata, tí kò ní iyọ̀, tí àwọ̀ rẹ̀ sì rí bákan náà bóyá ẹran ni tàbí ẹja. Ata sambal tí àwọn ará Indonesia ń lọ̀ fúnra wọn ló gbà mí là. Ẹ má ṣe gbàgbé ọ̀gẹ̀dẹ̀: ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà kì í wọ́n nínú ọkọ̀ tó ń rin Caribbean, dòdò sì máa ń wà lórí tábìlì lẹ́ẹ̀mejì tàbí lẹ́ẹ̀mẹ́ta lọ́sẹ̀.

Àwa ọmọ Nàìjíríà mẹ́rin ló wà nínú ọkọ̀ náà. Àwọn ará South Africa, Zimbabwe àti Mauritius pọ̀ jù wá lọ dáadáa. Ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹwàá, olórí àwọn alásè krúù, ará Goa ní India, fún wa ní ìkòkò ńlá kan àti igun ilé ìdáná láti aago méjì sí mẹ́rin, a sì se ìrẹsì jọ̀lọ́ọ̀fù fún ẹni ọgọ́rin. Ó tán kí aago méje tó lù. Ọkọ̀ náà máa ń ṣe irú èyí fún ọjọ́ òmìnira orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan tó bá bèèrè, kò sì sí àǹfààní mìíràn tó mú mi lérò pé wọ́n kà mí sí ènìyàn tó bẹ́ẹ̀.

Dókítà àti nọ́ọ̀sì wà nínú ọkọ̀, ọ̀fẹ́ sì ni ìtọ́jú. Nígbà tí ẹ̀yìn bẹ̀rẹ̀ sí í dùn mí ní oṣù karùn-ún nítorí gbígbé mátírẹ́ẹ̀sì, wọ́n fún mi ní oògùn àti ọjọ́ mẹ́ta iṣẹ́ fẹ́ẹ́rẹ́, wọn kò sì yọ owó mi. Kí ẹ tó fọwọ́ sí ìwé, ẹ wo ohun tó sọ nípa ìpalára. Àdéhùn MLC gba ilẹ̀ kọ̀ọ̀kan láyè láti fi ààlà sí gbèsè ẹni tó ni ọkọ̀ lórí ìtọ́jú àti owó oṣù, ṣùgbọ́n ààlà náà kò gbọdọ̀ kéré sí ọ̀sẹ̀ 16. Ẹ wo ibi tí wọ́n ní kí ẹ ti gbé ẹjọ́ yín lọ pẹ̀lú.

Íntánẹ́ẹ̀tì ti sàn ju bí àwọn tó ti pẹ́ níbẹ̀ ṣe ń sọ ọ́ lọ. Láti ọjọ́ 23 oṣù kejìlá ọdún 2024 ni àtúnṣe MLC ti ní kí ẹni tó ni ọkọ̀ fún atukọ̀ ní ọ̀nà àtibá ẹbí sọ̀rọ̀, títí kan íntánẹ́ẹ̀tì, níwọ̀n bí agbára bá ti mọ, kí owó rẹ̀ má sì pọ̀ ju bó ṣe yẹ lọ. Tiwa yá, WhatsApp sì ń gbé fídíò lójú agbami, ṣùgbọ́n owó la fi ń rà á.

Wàyí o, àǹfààní tí wọ́n máa ń fi àwòrán rẹ̀ pe ènìyàn sí iṣẹ́ yìí ni rírí ayé. Mo rí i, ní wákàtí méjì-méjì. Cozumel, San Juan, St. Thomas: láàrin iṣẹ́ òwúrọ̀ àti ti ìrọ̀lẹ́ ni mo ń sáré sọ̀ kalẹ̀, kí n fi ẹsẹ̀ kan omi òkun, kí n jẹ ẹja yíyan, kí n sì sáré padà. Kì í ṣe gbogbo ìgbà náà ni, torí pé ìdá kan nínú òṣìṣẹ́ gbọ́dọ̀ dúró sínú ọkọ̀ ní gbogbo èbúté nítorí ewu, wọ́n sì ń yí i ká. Gbogbo ìgbà tí mo bá sọ̀ kalẹ̀, oorun ọ̀sán ni mo fi ń san án, nígbà tó sì fi máa di oṣù kẹfà mo ti mọ ohun tí mo fẹ́ràn jù nínú méjèèjì. Krúù kò gbọdọ̀ rìn kiri níbi tí àwọn èrò wà bí kò bá sí lẹ́nu iṣẹ́. Ti stáàfù àti ọ́físà yàtọ̀. A ní ilé ọtí tiwa tí ohun mímu rẹ̀ kò wọ́n, a ní ibi eré ìdárayá, a sì ní omi ìwẹ̀ kékeré kan ní imú ọkọ̀ tí atẹ́gùn rẹ̀ dára púpọ̀ ní alẹ́. Wọ́n tún ń kọ́ni ní èdè Gẹ̀ẹ́sì àti Spanish lọ́fẹ̀ẹ́. Ní Port Everglades, Seafarers' House wà nínú èbúté fún gbogbo atukọ̀ láìka ẹ̀sìn tàbí ilẹ̀ rẹ̀ sí. Ibẹ̀ ni mo ti ń gba ẹrù tí ẹ̀gbọ́n mi fi ránṣẹ́, tí mo sì ń jókòó lórí àga tí kò mì.

N kò lè yẹ iṣẹ́ yìí wò kí n fo ọdún 2020. Ní oṣù kejì ọdún náà, wọ́n sé ọkọ̀ ìgbafẹ́ Diamond Princess mọ́ èbúté Yokohama ní Japan pẹ̀lú ẹni 3,711 nínú rẹ̀, àrùn Kòrónà sì mú ẹni 712 nínú wọn. Nígbà tí èrò wà nínú yàrá wọn, àwọn òṣìṣẹ́ ló ń gbé oúnjẹ dé ẹnu ọ̀nà wọn, tí wọ́n sì ń padà lọ sùn sí yàrá ẹni méjì. Ní ọjọ́ 14 oṣù kẹta, Amẹ́ríkà pàṣẹ pé kí ọkọ̀ ìgbafẹ́ dúró. Àwọn èrò lọ sílé, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ wà lójú omi fún ọ̀pọ̀ oṣù, torí pé ìlú wọn ti ti pápákọ̀ òfuurufú tàbí pé kò sí ẹni tó gbà kí wọ́n sọ̀. Àwọn méjì nínú ẹlẹgbẹ́ mi wà níbẹ̀ nígbà náà, wọn kì í sì fẹ́ràn láti sọ ọ́. Ẹ béèrè ohun tí ilé iṣẹ́ tó fẹ́ gbà yín ṣe fún òṣìṣẹ́ rẹ̀ ní ọdún yẹn: ta ló san owó oṣù, ta ló háyà ọkọ̀ òfuurufú, ta ló gba àwọn òṣìṣẹ́ láyè láti máa gbé nínú yàrá èrò tó ní fèrèsé.

Nínú ìràwọ̀ márùn-ún, mo fún ìgbanisíṣẹ́ ní márùn-ún, oúnjẹ ní mẹ́ta, yàrá ní mẹ́ta, owó ní mẹ́ta, ìtọ́jú ara ní mẹ́rin, wákàtí iṣẹ́ ní ọ̀kan. Ọ̀dọ́ tí kò tíì ní ọmọ, tí ara rẹ̀ le, tó sì ní ohun kan pàtó tó fẹ́ fi owó náà ṣe, mo lè sọ fún un pé kó lọ. Ìyá tó fi ọmọ kékeré sílẹ̀, n kò lè sọ bẹ́ẹ̀ fún un, torí pé mo gbọ́ bí obìnrin kan ní yàrá kejì ṣe ń kọrin fún ọmọ rẹ̀ lórí fóònù ní òru títí íntánẹ́ẹ̀tì tó rà fi tán.

Wọ́n ti pè mí fún àdéhùn kejì. Kí n tó dáhùn, mo bèèrè bóyá iṣẹ́ kan wà nínú ọkọ̀ tí kò pín ọjọ́ sí méjì. Wọ́n ní ọ̀kan wà ní ibi tí wọ́n ń tọ́jú aṣọ bẹ́ẹ̀dì àti aṣọ ìnura: aago méje àárọ̀ sí méje alẹ́, pẹ̀lú wákàtí kan fún oúnjẹ, lẹ́yìn náà ó di ọjọ́ kejì. Kò sí tíìpù níbẹ̀, nítorí náà owó rẹ̀ yóò fi nǹkan bí 300 dọ́là kéré sí ti tẹ́lẹ̀ lóṣù. Mo fọwọ́ sí i.